Bí Ẹ Ṣe Lè Lọ sí Àpérò Open Source, Kí Ẹ sì Di Ará Ibẹ̀

Fídíò ọ̀rọ̀ àsọyé kì í wọ́n ní àpérò open source, ìyẹn àpérò àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwia tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn láti lò àti láti tún ṣe. FOSDEM tí wọ́n ń ṣe ní Brussels, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, máa ń gba ohùn àti àwòrán ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti yàrá dé yàrá, wọ́n á sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àsọyé nìkan lẹ ń wá, ẹ jókòó sílé, ẹ ra dátà. Ohun tí ẹ ò lè rí nínú fídíò ni ẹni tó kọ kóòdù tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, tó mú ife kọfí lọ́wọ́, tó sì ráyè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Torí ẹni yẹn la ṣe ń wọkọ̀. Gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí dá lórí bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ṣe lè di iṣẹ́ tí ẹ̀yin méjèèjì á jọ máa ṣe fún ọdún púpọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́

Èyí ló ṣe pàtàkì jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Ẹ mú iṣẹ́ open source kan ṣoṣo, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò, kí ẹ sì ti fọwọ́ kàn án ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí àpérò tó dé. Kò di dandan kí ẹ jẹ́ ògbóǹtarìgì. Ẹ lè tún gbólóhùn kan ṣe nínú ìwé àlàyé rẹ̀. Ẹ lè dán ẹ̀yà tuntun rẹ̀ wò, kí ẹ jábọ̀ ohun tí kò ṣiṣẹ́. Ẹ lè túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ẹni tó bá ti ṣe ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí kì í wá ọ̀rọ̀ tì nígbà tó bá dé iwájú àwọn tó ń tọ́jú iṣẹ́ náà.

Àpẹẹrẹ kan rèé tó kan gbogbo àwa tí a ń kọ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá a mọ̀, «ẹ» ní nọ́ńbà tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni «ọ» àti «ṣ». Ṣùgbọ́n «ẹ́» àti «ọ̀» kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀ kó tó lè gbé wọn jáde. Ìdí nìyẹn tí àmì ohùn fi máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú àwọn fọ́ńtì mìíràn. Èyí tó tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ẹnì kan lè tẹ «ẹ» kó tó fi àmì òkè lé e, ẹlòmíràn lè tẹ «é» kó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ wọn. Àmọ́ bí sọ́fítíwia kò bá mọ̀ pé ọ̀kan náà ni méjèèjì, ẹ ó wá ọ̀rọ̀ náà títí nínú ìwé yín, kò ní rí i.

Ẹni tí èdè rẹ̀ kò ní irú àmì yìí lè ṣiṣẹ́ lórí sọ́fítíwia fún ogún ọdún láì bá ìṣòro yìí pàdé. Ẹ̀yin lẹ ní i, ẹ̀yin náà lẹ sì lè ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ nínú LibreOffice, ìyẹn sọ́fítíwia open source tí wọ́n fi ń kọ̀wé, ẹ ya skrínṣọ́ọ̀tì, ẹ kọ orúkọ fọ́ńtì àti nọ́ńbà ẹ̀yà LibreOffice tí ẹ ń lò, ẹ fi ìwé kékeré kan tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ kún un, kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Bugzilla wọn, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń gba ìròyìn àṣìṣe (bug). LibreOffice máa ń ní tábìlì ní FOSDEM. Ẹni tó bá dé ìdí tábìlì yẹn, tó ní «èmi ni mo fi bug nọ́ńbà báyìí ránṣẹ́», kì í ṣe àlejò mọ́.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ kì í kọ kóòdù, Common Voice ti Mozilla ń gba ohùn Yorùbá sílẹ̀, Wikipedia sì wà ní Yorùbá tó ń wá ẹni tí yóò kọ àyọkà àti ẹni tí yóò tún un ṣe. Àpérò wà fún àwọn tó ń kọ Wikipedia pẹ̀lú: Wikimania lorúkọ rẹ̀, Nairobi ni wọ́n sì ti ṣe ti ọdún 2025.

Yíyan àpérò tó bá yín mu

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Open Source Community Africa, tí Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá sílẹ̀ ní 2018, ṣe àpérò ńlá wọn àkọ́kọ́, OSCAFest, ní Èkó ní oṣù kejì ọdún 2020. Àwọn oní-Python, ìyẹn àwọn tó ń fi èdè Python kọ kóòdù, ní PyCon Nigeria. Àwọn oní-WordPress, ìyẹn sọ́fítíwia tí wọ́n fi ń kọ́ ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ní WordCamp, òun ni mo sì máa ń júwe fún ẹni tí kò lọ rí, torí wọ́n sábà máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí gbogbo èèyàn á jókòó ṣiṣẹ́ lórí WordPress pa pọ̀, tí wọ́n á sì mú ẹni tuntun lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹkùn wa. Accra ni PyCon Africa ti bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Benin àti ọmọ Togo kò nílò físà láti dé Ghana, ọ̀nà ilẹ̀ sì wà láti Èkó gba Kútọnu àti Lomé. DjangoCon Africa, ti àwọn tó ń fi Django kọ́ ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ ní Zanzibar ní 2023. Ẹni tó bá ti lọ sí irú àpérò wọ̀nyí á ti mọ ojú àwọn èèyàn kan kó tó di pé ó ń ronú nípa Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ náà lẹ ó tún bá pàdé níbòmíràn.

Ẹ mọ irú àpérò tó wà, torí wọn ò rí bákan náà. FOSDEM kó gbogbo nǹkan pọ̀: ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ọjọ́ méjì péré, Sátidé àti Sọ́ńdè ní nǹkan bí ìparí oṣù kìn-ín-ní tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, láìsí owó ìwọlé, láìsí ìforúkọsílẹ̀. DebConf dá lórí Debian nìkan, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ètò Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ó máa ń ṣí kiri láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, Cape Town ló sì gbà á lálejò ní 2016. Níbẹ̀, èèyàn ń jẹun pọ̀, wọ́n ń sùn sí ibì kan náà fún bí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn kan á sì ti dé ṣáájú fún DebCamp láti ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí ìtìjú máa ń mú láàárín èrò, irú ti DebConf ló máa gbè yín, torí pé ẹni tí ẹ kò lè bá sọ̀rọ̀ lónìí, ẹ ó tún bá a pàdé nídìí oúnjẹ lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò ọkàn mi jáde: ó sàn kí ẹ lọ sọ́dọ̀ àwùjọ kan náà lọ́dún mẹ́ta léraléra ju kí ẹ lọ sí àpérò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́dún kan.

Owó àti físà

Ọ̀pọ̀ àpérò ló ní owó ìrànwọ́ ìrìnàjò. PyCon US ní i, Wikimania ní i, DebConf máa ń ran èèyàn lọ́wọ́ lórí ọkọ̀, ilé àti oúnjẹ. KubeCon, àpérò àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwia fún àwọn kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì (cloud), ní ètò tí wọ́n fi orúkọ olóògbé Dan Kohn, tó darí àjọ tó ń ṣe é, pè. Ẹ má rò pé ẹ ń tọrọ báárà. Àwọn tó ṣètò ya owó náà sọ́tọ̀ torí pé wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn ọ̀nà jíjìn wá.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù náà, ẹ sọ ohun tí ẹ ti ṣe, kí ẹ fi líǹkì tí wọ́n lè tẹ̀ sí i. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe nígbà tí ẹ bá débẹ̀ àti ẹni tí ẹ fẹ́ bá ṣe é. Ẹ sọ àwọn tí yóò jàǹfààní nílé nígbà tí ẹ bá padà. «Mo nífẹ̀ẹ́ sí open source gan-an» kò tó. «Mo ti tún ojú ewé mẹ́rin ṣe nínú ìwé àlàyé yín, mo fẹ́ parí apá tó kù pẹ̀lú àwọn tó ń kọ ìwé àlàyé ní ọjọ́ iṣẹ́» dára gan-an. Kí ẹ sì tètè kọ ọ́, torí oṣù díẹ̀ ṣáájú àpérò ni wọ́n máa ń pa fọ́ọ̀mù náà dé.

Ìbéèrè kan wà tí kò gbọ́dọ̀ tì yín lójú láti bi wọ́n: ṣé àwọn ni yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì bààlúù fúnra wọn ni, àbí ẹ̀yin ni yóò kọ́kọ́ san án kí wọ́n tó dá owó padà? Dídá owó padà lẹ́yìn àpérò wọ́pọ̀, ó sì máa ń ṣòro fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ náírà. Ẹ ṣàlàyé fún wọn. Bí ọ̀nà míì bá wà, ẹni tí kò béèrè kò ní mọ̀.

Ní ti físà Schengen, èyí tí ẹ ó fi wọ Bẹ́ljíọ̀mù àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí ọjọ́ 15. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, €90 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà. Ínṣọ́ránsì ìrìnàjò gbọ́dọ̀ lè san ó kéré tán €30,000 fún ìtọ́jú àìsàn. Ọjọ́ 15 ni wọ́n fi ń dáhùn, àmọ́ ó lè di ọjọ́ 45, nítorí náà ẹ má fi í falẹ̀. FOSDEM ní ìṣòro kan tí ọ̀pọ̀ àpérò mìíràn kò ní: níwọ̀n ìgbà tí kò sí ìforúkọsílẹ̀, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì àpérò tí ẹ lè fi han ilé iṣẹ́ físà. Ibí yìí ni iṣẹ́ tí ẹ ti ní lọ́wọ́ tún ti wúlò. Ẹ ní kí àwọn tó ń tọ́jú iṣẹ́ náà kọ lẹ́tà pé àwọn mọ̀ yín, pé ẹ ti ṣe báyìí báyìí fún wọn, pé àwọn sì ń retí yín ní ọjọ́ báyìí. Ẹ fi ẹ̀rí iṣẹ́ yín nílé, ti ilé ìwé tàbí ti ọ́fíìsì, kún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbéra

Ẹ wo ètò ọ̀rọ̀ àsọyé, kí ẹ yan ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹ wá orúkọ àwọn èèyàn mẹ́ta sí márùn-ún tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kí ẹ kọ̀wé sí wọn níbi tí wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ Matrix, IRC, Zulip tàbí Slack. Kó kúrú: orúkọ yín, ohun tí ẹ ti ṣe nínú iṣẹ́ náà, ìbéèrè kan pàtó, àti ìgbà tí ẹ ó wà níbẹ̀. «Mo ń túmọ̀ ojú ìbẹ̀rẹ̀ sí Yorùbá, mo sì ti há síbi tí ọ̀rọ̀ kan ti ní ìtumọ̀ méjì. Màá wà ní ìdí tábìlì yín ní Sátidé ní aago mọ́kànlá. Ṣé ẹ lè fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá?» Kò yẹ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá dáhùn, ẹ má bínú sí i. Ó ṣeé ṣe kó ní ju ọgọ́rùn-ún lẹ́tà lọ nílẹ̀, ó sì lè rántí orúkọ yín nígbà tó bá rí yín.

Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ń wá ẹni tí yóò yọ̀ǹda ara rẹ̀ ran àpérò lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń tọ́jú ẹnu ọ̀nà, tàbí tó ń di aago mú fún olùsọ̀rọ̀, ní ìdí láti bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀. Mi ò mọ oògùn ìtìjú mìíràn tó dára tó o. FOSDEM fúnra rẹ̀, àwọn olùyọ̀ǹda ló gbé e ró.

Bí ẹ bá débẹ̀

Ní ti Brussels: ọgbà Solbosch ti Université libre de Bruxelles ni FOSDEM ti ń wáyé. Bọ́ọ̀sì 71 ń ti àárín ìlú lọ síbẹ̀. Òtútù oṣù kejì kì í ṣeré, ẹ wọ ẹ̀wù nípọn àti bàtà tí omi kò lè wọ̀, torí ẹ ó máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn lọ́jọ́ gbogbo. Janson ni gbọ̀ngàn tó tóbi jù, ó gba èèyàn tó ju 1,000 lọ, ṣùgbọ́n àwọn yàrá kéékèèké tí wọ́n ń pè ní devroom ni ẹran wà. Devroom kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló sì ń ṣètò rẹ̀. Wọ́n máa ń kún. Bí yàrá bá ti kún, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé mọ́ nítorí ewu iná. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ká yín lára gan-an, ẹ ti wà nínú yàrá náà láti ìgbà ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Tí wáí-fáì tó ń jẹ́ FOSDEM kò bá jẹ́ kí áàpù yín ṣiṣẹ́, ẹ bọ́ sórí FOSDEM-dualstack, torí ti àkọ́kọ́ ń lo IPv6 nìkan, ìyẹn irú àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tuntun tí àwọn áàpù kan kò tíì lè lò. Ẹ mú báńkì iná àti àdápítà dání, torí ojú iná wọn kò bá píìnì ti Nàìjíríà mu.

Níbi tí ìyàtọ̀ ti máa hàn sí ọmọ Yorùbá jù ni ìkíni. Ní àpérò wọ̀nyí, orúkọ àbísọ ni gbogbo èèyàn fi ń pe ara wọn, ẹni ogún ọdún àti ẹni àádọ́rin. Kò sí «sà», kò sí «mà». Ó máa ń wúwo lẹ́nu wa. Ẹ pe orúkọ náà, wọ́n ò ní kà á sí àrífín. Ọ̀wọ̀ tiwọn wà níbòmíràn: nínú pé ẹ ti ka ìwé àlàyé kí ẹ tó béèrè, nínú pé ẹ kò fi àkókò wọn ṣòfò, nínú pé ẹ dúpẹ́ fún ohun kan pàtó tí wọ́n ṣe. Ẹ sì kọ́ wọn bí a ṣe ń pe orúkọ tiyín. Ẹ má gé e kúrú nítorí pé ẹ rò pé kò ní rọ̀ wọ́n lẹ́nu. Wọn á gbìyànjú.

Eric Holscher, ọ̀kan lára àwọn tó dá Write the Docs, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ ìwé àlàyé sọ́fítíwia, sílẹ̀, ló sọ òfin Pac-Man di mímọ̀: bí àwọn èèyàn bá dúró yípo tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi àyè ẹnì kan sílẹ̀, bí ẹnu Pac-Man inú eré kọ̀ǹpútà tó là, kí ẹni tuntun lè wọlé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí agbo tó ní àyè, tiyín ni. Ẹ wọ ibẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tó sọ orúkọ yín. Nígbà tí ẹ̀yin náà bá wà nínú agbo, ẹ sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn fún ẹlòmíràn. Àwa tí a ń ti Nàìjíríà lọ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níbí, torí inú wa máa ń dùn láti rí ara wa, a ó sì di agbo tiwa mú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ kí ara yín dáadáa, ẹ jẹun alẹ́ pọ̀, àmọ́ ní ọ̀sán ẹ túká.

Ìdí tábìlì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ibi tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, torí ẹni tó wà níbẹ̀ wá pé kí èèyàn bá òun sọ̀rọ̀. «Apá wo nínú iṣẹ́ yìí ni ẹ kò rí ẹni ṣe?» ni ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù. Ìdáhùn rẹ̀ máa ń jẹ́ òtítọ́, ó sì sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn ìjíròrò kọ̀ọ̀kan, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ kọ orúkọ onítọ̀hún, ohun tí ẹ sọ, àti ohun tí ẹ ṣèlérí. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ojú á ti jọra.

Ẹ ka ìwé òfin ìwà ti àpérò náà, kí ẹ mọ ẹni tí ẹ lè pè bí ẹnikẹ́ni bá hùwà tí kò tọ́ sí yín. Kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àwọn àpérò kan, àwọ̀ okùn ọrùn ló ń fi hàn pé ẹnì kan kò fẹ́ fọ́tò.

Ẹ dúró de ọjọ́ iṣẹ́

Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò gbé e padà ní alẹ́ ọjọ́ ọ̀rọ̀ àsọyé tó kẹ́yìn pàdánù ohun tó dára jù. Ní PyCon US, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ àsọyé bá parí, sprint bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ mélòó kan tí àwọn èèyàn á jókòó yí tábìlì ká, iṣẹ́ kan fún tábìlì kan, tí wọ́n á máa kọ kóòdù. Èrò á ti dín kù. Ẹni tí gbogbo ènìyàn yí ká lánàá á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ ti gbé kóòdù iṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà yín láti ilé, kí ẹ sì rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, kó má bàa jẹ́ pé ìfisórí nìkan ni ẹ ó fi ọjọ́ kìíní ṣe. Bí ó bá ṣòro fún yín láti gbé e sórí, ẹ kọ ibi tó ti dí yín lọ́wọ́ sílẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tipẹ́ kì í rí irú ìdènà bẹ́ẹ̀ mọ́, pull request yín àkọ́kọ́, ìyẹn àtúnṣe tí ẹ fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbà sínú iṣẹ́ náà, sì lè jẹ́ títún ìwé ìfisórí ṣe.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ẹ kọ̀wé sí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ rán an létí ohun tí ẹ jọ sọ, torí òun náà rí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ ṣe ohun kékeré tí ẹ ṣèlérí kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Níbí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìbáṣepọ̀ ti ń kú, ó sì ń dùn mí, torí kò gba owó, kò gba físà. Ìlérí tí ẹ mú ṣẹ láàárín ọjọ́ méje lágbára ju káàdì tí ẹ pín fún ogójì èèyàn.

Ẹ béèrè bóyá iṣẹ́ náà ní ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, kí ẹ máa wà níbẹ̀. Aago Brussels àti ti Èkó bára mu nígbà òtútù wọn. Nígbà ooru, tiwọn fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Kò sí àwáwí oorun níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ kóòdù ní àdúgbò yín, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, níbikíbi, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wọn ní Yorùbá. Ẹ fi ibi tí wọ́n ti lè bẹ̀rẹ̀ hàn wọ́n, kí ẹ jókòó tì wọ́n títí àwọn náà á fi ní pull request àkọ́kọ́.

Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin náà á sọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ fi lightning talk bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ kúkúrú tí kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: ìṣòro kan, bí ẹ ṣe yanjú rẹ̀, ibi tí iṣẹ́ kù sí. Ìpè fún ọ̀rọ̀ FOSDEM máa ń jáde kí Kérésìmesì tó dé, devroom kọ̀ọ̀kan ló sì ń yan tirẹ̀. Ẹ fi ohun tí ẹ kọ han ọ̀kan lára àwọn tí ẹ pàdé lọ́dún yìí, kí ó bá yín wò ó kí ẹ tó fi ránṣẹ́.